Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ara Ẹni Ṣètò Sáfà DNS Lórí Windows, Mac àti Linux

Nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ orúkọ ìkànnì kan sínú aṣàwákiri yín, kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí ìkànnì náà wà. Nọ́ńbà ni ó ń bá rìn. Kí ojú ìwé náà tó ṣí, ó ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn pé nọ́ńbà wo ni ó wà fún orúkọ yìí, ẹ̀rọ tí ó máa ń dáhùn ìbéèrè náà sì ni à ń pè ní sáfà DNS. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan ètò yìí rí, ráútà yín tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni ó bá yín yan sáfà tí ẹ ń lò. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án, yálà nítorí pé èyí tí wọ́n fún un máa ń pẹ́ kí ó tó dáhùn, tàbí nítorí pé ó máa ń dákẹ́ lójijì, tàbí nítorí pé ó ń wá èyí tí yóò máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn ìkànnì jìbìtì kí wọ́n tó ṣí.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà retí ohun tí kò sí níbẹ̀: sáfà DNS tuntun kò lè mú kí fíìmù tàbí fáìlì ńlá yára wọlé ju bí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti mọ lọ. Àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń wá àdírẹ́sì ni ó lè dín kù, ìyẹn ìdádúró kékeré tí ó máa ń wà láàárín ìgbà tí ẹ tẹ orúkọ àti ìgbà tí ojú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún iṣẹ́ náà. Ibi méjì ni ó ti máa ń dojú rú mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́: wọn kì í kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í sì í wò ó lẹ́yìn náà bóyá sáfà tuntun ni ó ń dáhùn lóòótọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí gùn ju àárín lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wo sáfà tí ẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Orí bébà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nítorí pé bí nǹkan bá dàrú, ó lè má sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi wá ohun tí ẹ tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí, kí ẹ sì wá ìlà tí a kọ "DNS Servers" sí:

ipconfig /all

Lórí Mac, ẹ ṣí Terminal, tí ó jẹ́ irú fèrèsé kan náà, kí ẹ tẹ scutil --dns. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, resolvectl status ni àṣẹ náà. Bí nọ́ńbà tí ẹ bá rí bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ráútà yín ni ó ń gba ìbéèrè náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí ó sì ń gbé e lọ fún sáfà mìíràn níta. Kò sí aburú kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá àdírẹ́sì kan tí ẹnìkan fọwọ́ kọ síbẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀yin, tí kì í sì í ṣe ẹni tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, àjọ FBI ti Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti mú àwọn ọ̀daràn kan láti Estóníà tí wọ́n fi kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní DNSChanger yí ètò yìí padà lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 kọ̀ǹpútà, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100. Àwọn tí ó ni kọ̀ǹpútà náà kò fura. Orúkọ ìkànnì tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, ibi tí àwọn ọ̀daràn náà fẹ́ ni wọ́n sì ń bá ara wọn. Wọ́n fi sáfà tí kò lábàwọ́n rọ́pò ti àwọn ọ̀daràn náà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa ìyẹn náà ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012, kọ̀ǹpútà tí a kò tíì tún ètò rẹ̀ ṣe kò rí ẹni bi léèrè mọ́. Bí irú rẹ̀ bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi ètò agbógunti-kòkòrò yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, torí pé kòkòrò tí ó kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí lè tún un kọ lọ́la.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé-ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ alákòóso nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irú ibẹ̀ sábà máa ń ní orúkọ tí ó jẹ́ pé sáfà tiwọn nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, bíi orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ti ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí sáfà padà, gbogbo ìyẹn yóò pòórá lójú kọ̀ǹpútà yín.

Sáfà wo ni kí ẹ yàn?

Ọ̀pọ̀ ni ó wà tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti Google, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ni 8.8.8.8 àti 8.8.4.4. Ti Cloudflare, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2018, ni 1.1.1.1 àti 1.0.0.1. Ti Quad9, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Swítsàlandì, ni 9.9.9.9 àti 149.112.112.112, ó sì máa ń kọ̀ láti dáhùn fún orúkọ tí a ti mọ̀ mọ́ jìbìtì tàbí kòkòrò kọ̀ǹpútà. OpenDNS, tí ó ti wà láti ọdún 2006 tí Cisco sì rà ní ọdún 2015, ń lo 208.67.222.222 àti 208.67.220.220. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọdé ni yóò máa lo kọ̀ǹpútà náà, Cloudflare ní 1.1.1.3 àti 1.0.0.3, tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ìkànnì oníhòòhò pẹ̀lú ti kòkòrò.

Quad9 ni mo máa ń fi sórí kọ̀ǹpútà ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkànnì báńkì gidi àti ayédèrú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì rántí pé sáfà tí ẹ bá yàn yóò máa rí orúkọ gbogbo ìkànnì tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ gbé e fún. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí ń lò ó.

Àwọn nọ́ńbà náà máa ń jẹ́ méjì-méjì kí èkejì lè dáhùn bí àkọ́kọ́ bá dákẹ́. Níbí ni mo ti rí àṣìṣe tí ó pọ̀ jù. Ènìyàn á fi sáfà tí ń dènà ìkànnì burúkú sí ipò kìíní, á wá fi 8.8.8.8 sí ipò kejì, á sì máa rò pé ààbò ti dé. Kọ̀ǹpútà kò ka ipò kejì sí ibi ìsinmi tí a kì í lọ. Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀, èkejì ni yóò bi, èkejì kò sì ní ohun tí ó ń dènà. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà méjèèjì.

Ẹ tún mú ti IPv6 dání. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sókè jẹ́ irú àdírẹ́sì àtijọ́ tí à ń pè ní IPv4; IPv6 ni irú tuntun tí ó gùn jù ú lọ, kọ̀ǹpútà sì lè máa lo méjèèjì pọ̀. Ti Google ni 2001:4860:4860::8888 àti 2001:4860:4860::8844. Ti Cloudflare ni 2606:4700:4700::1111 àti 2606:4700:4700::1001. Ti Quad9 ni 2620:fe::fe àti 2620:fe::9. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí yóò hàn níwájú.

Lórí Windows

Lórí Windows 11, ẹ ṣí "Settings", kí ẹ tẹ "Network & internet". Bí ó bá jẹ́ Wi-Fi ni ẹ ń lò, ẹ tẹ "Wi-Fi", kí ẹ sì tẹ "Hardware properties". Bí ó bá jẹ́ wáyà ni, ẹ tẹ "Ethernet". Ẹ ó rí ìlà tí a kọ "DNS server assignment" sí, pẹ̀lú bọ́tìnnì "Edit" ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ yan "Manual", kí ẹ sì tan IPv4. Ẹ kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sínú àpótí "Preferred DNS", kí ẹ kọ èkejì sínú "Alternate DNS". Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ ó ti rí "DNS over HTTPS", tí ó ń fi àdììtú bo ìbéèrè yín kí ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà má baà kà á. Windows mọ ti Google, Cloudflare àti Quad9 láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé fún un; fún àwọn wọ̀nyí, ẹ yan èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "On" tí ó sì ní ọ̀rọ̀ "automatic" nínú. Kí ẹ tó tẹ "Save", ẹ sún ojú ìwé náà sísàlẹ̀, ẹ tan IPv6, kí ẹ sì kọ tirẹ̀ náà síbẹ̀.

Ohun tí ẹ bá ṣe nínú "Hardware properties" yóò máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà náà bá so mọ́. Bí Wi-Fi kan péré ni ẹ fẹ́ yí tirẹ̀ padà, ẹ gba inú àwọn ohun tí ó jẹ mọ́ orúkọ Wi-Fi yẹn wọlé dípò rẹ̀.

Fún Windows 10, ọ̀nà àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí 11 pẹ̀lú. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ R, ẹ kọ ncpa.cpl, kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lò, ẹ yan "Properties", ẹ tẹ "Internet Protocol Version 4" lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá sàmì sí "Use the following DNS server addresses". Apá òkè fèrèsé náà, tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ "OK", ẹ ṣe bákan náà fún "Internet Protocol Version 6".

Lórí Mac

Láti ìgbà macOS Ventura tí ó jáde ní ọdún 2022, inú "System Settings" ni ètò náà wà. Ẹ tẹ "Network", ẹ tẹ "Wi-Fi", ẹ tẹ "Details" ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ Wi-Fi tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ "DNS". Àwọn nọ́ńbà tí àwọ̀ wọn ṣú díẹ̀ ni èyí tí ráútà fún yín. Ẹ tẹ àmì àròpọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, IPv4 àti IPv6 nínú àkọsílẹ̀ kan náà, kí ẹ sì tẹ "OK". Lórí macOS tí ó ṣáájú èyí, "System Preferences" ni ẹ ó ṣí, ẹ ó sì gba "Network" àti "Advanced" dé "DNS".

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi máòsì rìn tó bẹ́ẹ̀ lè tẹ ìlà kan sínú Terminal:

networksetup -setdnsservers Wi-Fi 9.9.9.9 149.112.112.112 2620:fe::fe 2620:fe::9

Lórí Linux

Ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ yóò sọ fún yín pé kí ẹ ṣí fáìlì /etc/resolv.conf, kí ẹ kọ "nameserver" àti nọ́ńbà síbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kì í pẹ́: ẹ ó tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ ó sì bá a pé ó ti parẹ́, nítorí pé ètò mìíràn ni ó ń kọ fáìlì náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì rí "nameserver 127.0.0.53" níbẹ̀, kò bàjẹ́. Nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí systemd-resolved, ètò kan lórí kọ̀ǹpútà yín tí ó máa ń gba ìbéèrè tí ó sì máa ń gbé e lọ fún sáfà gidi.

Ẹni tí ń lo GNOME, ojú iṣẹ́ tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ Linux, yóò ṣí "Settings", yóò lọ sí "Wi-Fi" tàbí "Network", yóò tẹ àmì jíà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, yóò sì lọ sí "IPv4". Ẹ pa "Automatic" tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ DNS, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì pẹ̀lú kọ́mà láàárín wọn, kí ẹ tẹ "Apply", kí ẹ tún un ṣe fún IPv6, kí ẹ wá pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kí ẹ sì tún un tàn. Láti inú Terminal, bí NetworkManager, ètò tí ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bá wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ nmcli connection show láti mọ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, kí ẹ sì fi orúkọ náà rọ́pò "Wired connection 1" nínú àwọn ìlà wọ̀nyí:

nmcli connection modify "Wired connection 1" ipv4.dns "9.9.9.9 149.112.112.112" ipv4.ignore-auto-dns yes
nmcli connection modify "Wired connection 1" ipv6.dns "2620:fe::fe 2620:fe::9" ipv6.ignore-auto-dns yes
nmcli connection up "Wired connection 1"

Ẹ má fo "ignore-auto-dns yes". Bí kò bá sí níbẹ̀, sáfà tí ráútà fún yín yóò ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú tuntun, kọ̀ǹpútà yóò sì máa bi í léèrè nígbà tí ó bá wù ú.

Ta ni ó ń dáhùn lóòótọ́?

Kọ̀ǹpútà máa ń fi ìdáhùn àtijọ́ pamọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ nù ún kúrò. Lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig /flushdns. Lórí Mac, sudo dscacheutil -flushcache ni, kí ẹ sì fi sudo killall -HUP mDNSResponder tẹ̀ lé e. Lórí Linux tí ó ń lo systemd-resolved, ẹ tẹ resolvectl flush-caches. Ẹ pa aṣàwákiri yín pátápátá kí ẹ sì tún un ṣí, torí òun náà máa ń ní ìpamọ́ tirẹ̀.

Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Dípò kí ẹ máa fi ojú wo bóyá ìkànnì yára, ẹ bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀:

nslookup example.com

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Lórí Windows tí ẹ fi 1.1.1.1 sí, irú ohun tí ẹ ó rí nìyí (ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà IPv6 ti Cloudflare ni yóò hàn dípò 1.1.1.1):

Server: one.one.one.one
Address: 1.1.1.1

Bí ó bá jẹ́ ti Google, dns.google ni orúkọ tí yóò jáde. Lórí Linux, 127.0.0.53 ni nslookup sábà máa ń fi hàn, nítorí náà resolvectl status ni kí ẹ gbára lé níbẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, mo kọ nọ́ńbà IPv4 síbẹ̀ dáadáa, mo nu ìpamọ́ kúrò, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, síbẹ̀ ìkànnì tí mo fẹ́ kò yé dúró kí ó tó ṣí. Láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo fi ń yí sáfà kan sí òmíràn. Ìgbà tí mo tó tẹ nslookup ni mo rí i pé "Address: fe80::1" ni ó wà níbẹ̀, àdírẹ́sì IPv6 ráútà mi. Gbogbo àkókò yẹn, ẹnu ọ̀nà IPv6 ni kọ̀ǹpútà mi ń gbà jáde lọ bi sáfà àtijọ́, ohun tí mo kọ sí IPv4 kò sì dé etí rẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí ẹ kọ méjèèjì ní ìjókòó kan náà.

Ohun mìíràn tún wà tí nslookup kò lè rí. Firefox àti Chrome lè máa bi sáfà tiwọn léèrè láìgba ọ̀dọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kọjá. Firefox ti sọ ọ́ di àṣà fún àwọn tí ń lò ó ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2020. Bí sáfà yín bá ní láti dènà ìkànnì kan tí ìkànnì náà sì ń ṣí nínú aṣàwákiri, ẹ wá "DNS over HTTPS" nínú ètò Firefox, tàbí "Use secure DNS" nínú ti Chrome, kí ẹ pa á, tàbí kí ẹ kọ sáfà kan náà síbẹ̀. VPN, ìyẹn ètò tí ó ń gbé ìsopọ̀ yín gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, náà máa ń mú sáfà tirẹ̀ wá nígbà tí ó bá wà ní títàn.

Bí ìkànnì kankan kò bá ṣí mọ́

Ẹ ka nọ́ńbà tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ìka. 8.8.4.4 àti 8.8.8.4 jọra lójú ẹni tí ó ti rẹ̀. Bí ó bá péye, ẹ tẹ ping 1.1.1.1. Bí ìdáhùn bá ń wá láti ibẹ̀ tí orúkọ kò sì ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wà, DNS ni ó ní ìṣòro. Ẹ wá bi sáfà mìíràn léèrè ní tààrà láìyí ètò padà:

nslookup example.com 9.9.9.9

Bí èyí bá dáhùn, sáfà tí ẹ yàn ni ó dákẹ́, ẹ mú òmíràn. Bí ó bá jẹ́ "timed out" ni ẹ ń rí fún gbogbo sáfà tí ẹ bá bi, ó ṣeé ṣe kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ wà lórí rẹ̀ máa dí ojú ọ̀nà 53, tí ìbéèrè DNS lásán máa ń gbà, kí wọ́n lè fi dandan mú yín lo sáfà tiwọn.

Bí orúkọ kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ wo fáìlì hosts, àkọsílẹ̀ orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Lórí Mac àti Linux, ó wà ní /etc/hosts. Lórí Windows, ó wà ní C:\Windows\System32\drivers\etc\hosts. Kí Paul Mockapetris tó kọ ètò DNS sílẹ̀ ní ọdún 1983, irú fáìlì yìí ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET, tí ó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, ń lò: ilé-iṣẹ́ SRI ní Kalifọ́rníà ni ó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, àwọn yòókù sì ń dà á kọ láti ọ̀dọ̀ wọn. Àgbà ni fáìlì náà títí di òní, kọ̀ǹpútà sábà máa ń wo inú rẹ̀ kí ó tó bi sáfà kankan. Ìlà kan tí ẹnìkan kọ síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn lè borí gbogbo ohun tí ẹ ṣe lónìí.

Wi-Fi ilé ìtura àti ti pápákọ̀ òfurufú yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń lo sáfà DNS tiwọn láti gbé ojú ìwé tí ẹ ó ti wọlé jáde, ojú ìwé náà kò sì ní hàn bí ẹ bá ti fọwọ́ kọ ti ẹlòmíràn. Nírú ibẹ̀, ẹ dá ètò padà sí ti tẹ́lẹ̀ títí ẹ ó fi wọlé: "Automatic" lórí Windows 11, "Obtain DNS server address automatically" lórí Windows 10, àmì àyọkúrò fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórí Mac tàbí àṣẹ networksetup -setdnsservers Wi-Fi empty, kí ẹ sì tan "Automatic" padà lórí GNOME. Nígbà tí ojú ìwé ìwọlé bá ti gbà yín wọlé, ẹ lè dá nọ́ńbà tiyín padà síbẹ̀, kí ẹ sì tún nslookup tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.